Páìpù Tó Yà fún Bàbá Mi

Kí n tó dé ilé ìyá mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ekòló ti wọ inú páìpù wọn. Akínlàjà, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ omi, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àwo dúdú rẹ̀ tó ní ojú bíi ti fóònù dání, ó ń wo ilà pupa tó ń rìn lójú àwo náà bí ẹ̀rọ kékeré ọ̀hún ṣe ń wọ́ lọ nínú ilẹ̀. Màmá jókòó nínú pálọ̀, aṣọ òtútù mẹ́ta ló wà lọ́rùn wọn, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí i. Wọ́n ti dáhùn ìkíni rẹ̀, wọ́n ti gbé tíì gbígbóná fún un, kí wọ́n tó wá kọ ẹ̀yìn sí i. Bí ìyá mi ṣe ń bá ìjọba jà nìyẹn.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá mi," Akínlàjà kí mi.

"Má tíì kí mi. Kí ló rí?"

"Kò tíì dé ìdáná."

Èmi ni mo kọ́ Akínlàjà níṣẹ́ púlọ́ńbà. Ọdún mẹ́rin ló fi gbé àpótí irinṣẹ́ tẹ̀lé mi kí iléeṣẹ́ omi tó gbà á, tí wọ́n fún un ní kóòtù aláwọ̀ ewé àti ekòló kan tí kò gùn tó ìka ọwọ́. Ekòló tí a mọ̀ láyé ìgbà ooru máa ń júbà ilẹ̀ kí ilẹ̀ tó lanu fún un. Tìjọba yìí kì í júbà ẹnikẹ́ni. Yóò wọlé onílé láìkàgò, yóò wo ibi tí páìpù jìn dé, yóò wo ibi tó ti tẹ̀ àti ibi tí omi ti lè dì, yóò sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún iléeṣẹ́ kí onílé tó wọ bàtà.

Àwo náà dún lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó tẹ̀," Akínlàjà wí. Kò wo ojú mi. "Láti ẹnu géètì, tààrà ló ń bọ̀. Nígbà tó dé iwájú pálọ̀, ó yà sápá òsì, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ yípo, kó tó padà wọ ìdáná. Gbogbo ibi tó ti yà yẹn, kò wọlẹ̀ ju ìdajì ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lòfin wí, Ọ̀gá, kó sì lọ tààrà."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo rì í."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"O sì mọ ìdí tó fi yà."

Ó wo táìlì funfun tó wà láàárín pálọ̀, èyí tí a kọ orúkọ bàbá mi sí, lẹ́yìn náà ó wo bàtà ara rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ ní Òkè-Ìdẹ̀ra. Lọ́dún tí wọ́n fa omi wọ ìlú wa, nígbà tí ooru ti gbẹ gbogbo kànga tán, bàbá mi kò tíì lo oṣù mẹ́ta nínú ilẹ̀. Inú ilé wọn la sin wọ́n sí, bí a ti ń sin àgbà. Orí àpáta ni ilé náà wà. Nínú gbogbo rẹ̀, ojú kan ṣoṣo ni dígà ń wọ̀, ibẹ̀ la sì gbẹ́ fún bàbá mi. Nígbà tí páìpù dé, ojú kan yẹn náà ló yẹ kó gbà. Ta ni yóò wá ri páìpù sórí bàbá rẹ̀? Mo yà fún wọn. Kì í ṣe èmi nìkan. Gbogbo púlọ́ńbà ìlú yìí ló ṣe bẹ́ẹ̀ láti ilé dé ilé, à ń yà fún ìyá onílé, à ń yà fún bàbá onílé, à ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá bí ọmọ tó fẹ́ gba iwájú àgbà. Nínú ooru ọjọ́ náà, ta ló ń ronú pé omi lè dì nínú páìpù? Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Àwa da omi síwájú lóòótọ́, yìnyín la wá ń tẹ̀.

"Dérera, sọ fún un kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ mi ló wà níbẹ̀," Màmá wí láìyíjú padà. "Bóyá àwọn ọ̀gá rẹ̀ mọ̀wé kà."

"Màmá, wọ́n mọ̀," Akínlàjà dáhùn. "Ojú méjì péré ni wọ́n fún mi láti tẹ̀: ó tọ́, tàbí kò tọ́. Kò síbi tí mo lè kọ ọ̀rọ̀ Bàbá sí."

"Ẹ̀yin kan náà lẹ ní ooru pọ̀. Ẹ lọ fọ́n eruku sójú ọ̀run kí oòrùn lè rọlẹ̀. Oòrùn rọlẹ̀ tán, gbogbo ayé di yìnyín, ẹ tún ní ká lọ hú òkú. Èwo ló kù tẹ́ ẹ fẹ́ ká ṣe?"

"Èmi kọ́ ni mo fọ́n ọn, Màmá."

"Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́. Mu tíì rẹ, ó ń tutù."

Mo fa Akínlàjà jáde lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo fi bí mo ṣe dì í hàn án: fóòmù ló kọ́kọ́ wà lára páìpù, mo wé bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ fóòmù, mo fi pákó ṣe àpótí yí i ká láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì da igi lílọ̀ kún inú àpótí náà fọ́fọ́. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó fi orí dáhùn pé iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ dì í lọ́dún tó kọjá náà."

Kò parọ́. Mo dì í lọ́dún tó kọjá, ó sì bẹ́. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni gbogbo àdúgbò wa ò fi rí omi, nítorí pé orí ìlà kan náà ni gbogbo wa wà. Omi tó tú jáde dì sójú títì, bàbá tó ń gbé ní òdìkejì yọ̀ ṣubú níbẹ̀, egungun ìbàdí wọn kán. Wọ́n ṣì ń dáhùn tí mo bá kí wọn, àmọ́ wọn kì í béèrè àlàáfíà mi mọ́.

"Tí n bá jẹ́ kí ẹ̀rọ omi máa kán díẹ̀díẹ̀ ńkọ́?" mo bi í. "Omi tó ń rìn kì í dì. Mo kọ́ ẹ."

"Ẹ kọ́ mi. Ẹ̀rọ ń kà á, Ọ̀gá."

Mo mọ̀ pé ó ń kà á. Ojú kékeré kan wà lẹ́nu gbogbo ẹ̀rọ omi ìlú yìí láti ìgbà ọ̀dá. Tí omi bá kán lẹ́ẹ̀meje láìsí ohun kankan tó gbà á nísàlẹ̀, ẹ̀rọ yóò ti ara rẹ̀ pa, wọn yóò sì pe onílé lẹ́jọ́ pé ó fi omi ṣòfò. Òfin tí wọ́n ṣe nígbà tí à ń kú fún òǹgbẹ, òun náà ni wọ́n fi ń ká wa lọ́wọ́ kò nígbà tí à ń kú fún òtútù.

"Wọn ò ṣe fagi lé e?"

"Wọ́n ní àwọn ṣì ń jíròrò lé e lórí." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí Màmá má baà gbọ́. "Ọ̀gá, òní ló yẹ kí n gé omi ilé yìí. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi sún un di ọjọ́ Ẹtì. Tí mo bá padà dé tí kò tíì tọ́, mo máa gé e, ọkọ̀ á sì wá gbé Màmá lọ sí Ilé Ààbò. Wọn kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú ilé tí ò lómi nígbà yìnyín."

Ìsàlẹ̀ òkè ni Ilé Ààbò wà. Lọ́dún tó kọjá, àgbàlagbà mọ́kànlá ni wọ́n kó lọ síbẹ̀ láti àdúgbò wa, mẹ́rin ló padà wálé. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fìyà jẹ wọ́n o. Wọ́n ń jẹun, iná ń jó, àmọ́ ibùsùn kò jìnnà sí ibùsùn, ikọ́ tí ẹni apá ọ̀tún bá wú, òun ló máa pa ẹni apá òsì. Àyà ìyá mi kò sì dára láti ọdún mẹ́ta. Mi ò lè gbé wọn sọ́dọ̀ ara mi. Yàrá òṣìṣẹ́ ni mò ń gbé, ènìyàn kan ṣoṣo ni ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ̀. Ẹnìkejì tó bá sùn níbẹ̀ mọ́jú, ìlẹ̀kùn á pariwo.

Lẹ́yìn tí Akínlàjà lọ, mo kúnlẹ̀ síwájú Màmá, mo ṣàlàyé. Wọ́n jẹ́ kí n sọ tèmi tán.

"Jẹ́ kí wọ́n gé omi," wọ́n ní. "Màá máa yọ́ yìnyín lórí iná."

"Ẹ ò ní wà níbí tí ẹ óò fi yọ́ ọ. Wọ́n máa gbé yín lọ."

"Òkú mi ni wọ́n máa gbé."

"Màmá, òkú yín gan-an ni mò ń sá fún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n wá gbé ẹsẹ̀ lé táìlì náà, bí wọ́n ti máa ń ṣe láràárọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ kí bàbá mi, tí wọ́n á sọ fún wọn pé ilẹ̀ mọ́, pé gbogbo ilé jí ire. Ọdún méjìlá ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń sọ iye tí wọ́n ń ta iṣu fún wọn, wọ́n sì máa ń fẹjọ́ mi sùn.

"Bàbá rẹ ò fẹ́ràn ìdíwọ́," wọ́n ní. "Nígbà ayé rẹ̀, tó bá ti jókòó, kò sẹ́ni tó lè ní kó dìde. O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, Fàdérera."

Orúkọ mi kíkún nìyẹn. Wọn kì í pè é àfi tí ọ̀rọ̀ bá ti parí. Mo ní mo ti gbọ́.

Mo pe àbúrò mi Gbádébọ̀ ní Ìlọrin. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dé ìdajì.

"Àǹtí mi, ẹ gbẹ́ ẹ. Ẹni tó wà láàyè la ń tọ́jú. Tó bá ti parí, a ó jọ bẹ Màmá. Ìyá kì í bínú ọmọ títí."

"Wá gbẹ́ ẹ, nígbà náà."

"Yìnyín ti dí ọ̀nà."

Láti kékeré ni nǹkan ti máa ń dí ọ̀nà fún Gbádébọ̀ tí iṣẹ́ bá ti wà nílẹ̀. Mo pa fóònù mọ́ ọn létí.

Àwọn ìyá ìjọ máa ń gba ààwẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, láti àárọ̀ títí di aago mẹ́rin. Mo sin Màmá dé ìkóríta láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ń wo ọ̀pá wọn bó ti ń gún yìnyín títí wọ́n fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo padà délé, Búrọ̀dá Sùnmọ́nù ti dúró dè mí pẹ̀lú dígà, ṣọ́bìrì àti ọmọlanke. Ó ti lé lógún ọdún tí a ti jọ ń gbẹ́lẹ̀. Wọ́n mọ bàbá mi dáadáa, àwọn ni bàbá mi kọ́ ní ìwé kíkà lẹ́yìn tí wọ́n ti di bàbá ọlọ́mọ.

"Ṣé Ìyá mọ̀ sí i?" wọ́n bi mí.

"Wọ́n mọ̀."

"Wọ́n gbà?"

"Búrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé dígà."

Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí fìlà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táìlì. "Tíṣà, ẹ má bínú sí mi," wọ́n ní. "Ọmọ yín ló ní kí n wá." Bí wọ́n ṣe dárúkọ mi fún òkú nìyẹn, kí ẹjọ́ má baà jẹ́ tiwọn.

Ilẹ̀ náà rọ̀. Èyí ló bí mi nínú jù, bó ṣe rọ̀ tó, nígbà tí gbogbo ìlú ti le gbagidi. Kí ọ̀sán tó pọ́n, Búrọ̀dá ju dígà sílẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ kó yẹ̀pẹ̀. Ohun tó kù lára bàbá mi kò pọ̀. Mo rí gíláàsì ojú wọn, ẹ̀gbẹ́ kan ti fọ́, èkejì ṣì wà bó ṣe wà. Mo fi etí aṣọ mi nù ún. Mi ò mọ ìdí tí mo fi nù ún, kò sí ojú tó máa lò ó. Mo sunkún níbẹ̀ títí Búrọ̀dá fi ní kí n jáde, kí àwọn lè ṣe ìyókù. Mi ò jáde. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún a máa ń ríran, àwa méjèèjì la jọ tẹ́ aṣọ funfun sínú pósí kékeré tí mo kàn, tí a sì kó wọn sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a fi gíláàsì náà tì wọ́n.

Itẹ́ òkú ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè ni mo ti gba àyè. Ó yẹ kí n bá wọn lọ. Àmọ́ aago kan ti lù, aago mẹ́rin ń bọ̀, páìpù kò tíì wọlẹ̀. Búrọ̀dá Sùnmọ́nù nìkan ló ti bàbá mi lọ lórí ọmọlanke. Mo dúró sínú ihò náà, mo ń kun gọ́ọ̀mù sẹ́nu páìpù, torí gọ́ọ̀mù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tààrà láti géètì dé ìdáná. Mi ò tíì ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo da yẹ̀pẹ̀ padà, mo to táìlì sójú rẹ̀. Ó ti sán láàárín orúkọ wọn, mo fi símẹ́ńtì dí i, ó sì ṣì hàn.

Màmá dé ní aago mẹ́rin kọjá díẹ̀. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀. Mo sáré lọ ṣí ẹ̀rọ ìdáná sínú garawa kí wọ́n lè gbọ́ ọ.

"Màmá, ẹ wá wo omi. Kò ní dì mọ́ láé. Ẹ ò ní kúrò nílé yín."

"Níbo lo gbé bàbá rẹ sí?"

"Itẹ́ ìlú. Nísàlẹ̀ òkè."

"Ta ló bá a lọ?"

"Búrọ̀dá Sùnmọ́nù."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mò ń ri páìpù, Màmá."

"Ò ń ri páìpù," wọ́n tún un sọ. Wọn ò bú mi. Ì bá dára kí wọ́n bú mi. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ sí yàrá wọn, wọn ò tẹ táìlì náà, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn. Mo sùn sórí àga pálọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ń dá ara mi lóhùn pé tí ilẹ̀ bá mọ́, tí wọ́n bá bu omi bọ́jú, tí wọ́n rí i pé àwọn ṣì wà nílé àwọn, inú wọn á rọ̀.

Akínlàjà dé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ó fi ekòló sẹ́nu géètì, a sì jọ ń wo ilà pupa náà. Ó wá tààrà. Kò yà síbì kankan. Àwo náà dún lẹ́ẹ̀kan, ilà náà sì di aláwọ̀ ewé.

"Ó tọ́," Akínlàjà wí. Ó wo táìlì tó sán, ó gbójú kúrò. "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́."

Ìgbà náà ni Màmá jáde láti yàrá. Wọ́n ti wọ bàtà òtútù, wọ́n ti wé gèlè mọ́ etí, wọ́n gbé báàgì kan dání.

"Akínlàjà, ọkọ̀ Ilé Ààbò yẹn, ọ̀nà itẹ́ ìlú ló ń gbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ògiri kan náà ni Ilé Ààbò àti itẹ́ jọ ní."

"Fèrèsé wà lára ògiri náà?"

"Ó wà. Àmọ́ kò kàn yín mọ́, Màmá. Ilé yín ti yege."

"Kọ orúkọ mi."

Akínlàjà wò mí. Mo ti wà lórí eékún, mo di ẹsẹ̀ aṣọ wọn mú. Mo ní kí wọ́n ṣàánú mi. Mo ní àyà wọn kò lè gbà á, wọ́n sì mọ̀. Mo ní, "Màmá, torí kí ẹ má baà lọ síbẹ̀ ni mo fi ṣe ohun tí mo ṣe."

"Mo mọ̀. Torí ẹ̀ ni mi ò fi lè gbé ọ ṣépè." Wọ́n rọra tú ọwọ́ mi kúrò lára aṣọ wọn, ìka kan lẹ́yìn èkejì. "O rò pé ilé ni mi ò fẹ́ fi sílẹ̀? Kí ni mo fẹ́ fi ilé orí àpáta ṣe? Bàbá rẹ nìkan ló wà nísàlẹ̀ yẹn, ará ilé rẹ̀ kan ò sì bá a débẹ̀. Mo ń lọ bá a."

"Ẹ máa kú síbẹ̀, Màmá." Ìbínú ni mo fi sọ ọ́, bí ìgbà tí mo ń bá ọmọdé wí.

"Ó ṣeé ṣe," wọ́n ní. "Dìde, ilẹ̀ yẹn tutù."

Ọkọ̀ náà kò pẹ́ rárá. Nǹkan tí à ń fẹ́ kó pẹ́ kì í pẹ́. Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n gbé báàgì lé itan, wọ́n juwọ́ sí Akínlàjà. Wọ́n juwọ́ sí èmi náà, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ọkọ̀ náà yí kọ̀rọ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ.

Akínlàjà ṣì dúró tì mí, ó ń fọwọ́ pa àwo rẹ̀. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ, èmi ni mo kọ́ ọ. A kì í fi omi sílẹ̀ nínú páìpù ilé tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀, torí èyí tó wà nínú ògiri á dì tí kò bá sẹ́ni tó ń dá iná.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín fà á, Ọ̀gá."

"Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ."

Mo ti fáàfù tó wà lẹ́nu géètì kí omi má wọlé mọ́. Mo gbé garawa sábẹ́ ẹ̀rọ ìdáná, mo ṣí i, mo sì fa gbogbo omi inú páìpù náà, garawa kan tẹ̀lé òmíràn, títí ó fi ku afẹ́fẹ́ tó ń súfèé níbẹ̀. Omi náà mọ́, kò sí yẹ̀pẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Mo gbé e lọ fún bàbá òdìkejì títì tí ìbàdí wọn kán, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n wá béèrè àlàáfíà ìyá mi. Mo ní wọ́n ti lọ sọ́dọ̀ bàbá mi.